Níbo ni kí ẹ kó fáìlì yín sí? Ìfiwéra fún ẹni tó wà ní yunifásítì lókè Ọya

Ímeèlì ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní server àtijọ́, kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò tí ẹ̀ka wa ní yunifásítì ń kó fáìlì sí, yóò kógbá sílé ní ìparí oṣù, kí oníkálukú kó ẹrù rẹ̀ lọ síbi tuntun tó bá wù ú. Kò sí àlàyé mìíràn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lò ju ogún ọdún lọ lókè Ọya, ti gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi nílé ní Kubwa.

"Àbúrò, 60GB ni mo ní o. Ṣé kí n kàn máa fà á síbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò."

Ìṣirò alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ tẹ́ síwájú yín, nítorí láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn wa láti Lugbe títí dé Samaru ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ohun tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí àyè pọ̀ sí jù. Àyè kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ fún wa níhìn-ín.

Ohun mẹ́rin tí mo fi ń wọn àwọn ibi ìpamọ́

Owó ni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ibi ìpamọ́. Yunifásítì ló ń san ìyẹn. Owó gbígbé ẹrù débẹ̀ ni tiyín. Ẹ mú 60GB ẹ̀gbọ́n mi. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá ń gbé fáìlì sókè ní megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sì já rárá, wákàtí 67 ni yóò gbà, ó ku díẹ̀ kó pé ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ megabit 10, wákàtí 13 àti díẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra: nọ́ńbà ńlá tí ẹ máa ń kọ́kọ́ rí tí ẹ bá dán ìyára íntánẹ́ẹ̀tì yín wò, ti fífà wálẹ̀ ni. Ti gbígbé sókè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó máa ń kéré jù ú lọ dáadáa, òun gan-an lẹ ó sì lò. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, 60GB ti kúrò ní ohun tí à ń fi hotspot gbé.

Ìkejì ni ìgbà tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já nínú òkun lápá Abidjan, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, iná NEPA lọ pátápátá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ òkè Ọya, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì sọ́kàn, nítorí ibi ìpamọ́ tí ti àkọ́kọ́ kò lè ṣe nǹkan kan fún, ti kejì lè dá a dùbúlẹ̀.

Ìkẹta ni bí kọ̀ǹpútà yín yóò ṣe máa so mọ́ ọn: bóyá bíi dráìfù nínú ẹ̀rọ, bóyá pẹ̀lú áàpù, bóyá láti inú browser nìkan.

Ìkẹrin ni kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá jáde, tàbí tí ẹ fẹ̀yìn tì, tàbí tí ẹ rí iṣẹ́ síbòmíràn, ta ni yóò kù tí yóò lè ṣílẹ̀kùn?

Server inú ọgbà

Èyí ni àwọn àgbà mọ̀ jù. Ẹ tan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ rí lẹ́tà Z lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, ẹ tẹ̀ ẹ́, fáìlì gbogbo ẹ̀ka ti tò síbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí Z, kí ó ṣí This PC, kí ó wá Map network drive, kí ó tẹ àdírẹ́sì tí àwọn ICT, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, fún un, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi méjì tó fẹ̀yìn tì báyìí: \\. Kí ó tún fi àmì sí Reconnect at sign-in, kó má baà máa tún un ṣe láràárọ̀. Bó bá jẹ́ Mac, inú Finder ni, ẹ tẹ Command pọ̀ mọ́ K, ẹ wá kọ smb:// síwájú orúkọ server náà.

Adùn rẹ̀ ni pé kò jẹ dátà rárá. Wáyà inú ọgbà ni fáìlì ń gbà kọjá. 60GB tó fẹ́ gba ọjọ́ mẹ́ta ní Kubwa, bí wáyà ọ́fíìsì bá jẹ́ megabit 100 tó sì ń sáré dáadáa, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni. Ọjọ́ tí wáyà inú òkun sì já, kò kan ẹni tó jókòó nínú ọgbà tó ń ṣí fáìlì inú ọgbà.

Iná ló ń ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Bí NEPA bá lọ tí dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ sì tán, inú yàrá òkùnkùn ni fáìlì yín wà, kì í ṣe pé ó sọnù o, ẹ kàn ní láti máa wò ó lókèèrè ni. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ bi ICT ni ohun tó ń gbé server náà ró. Bayero University ní Kánò ti ní ẹ̀rọ iná oòrùn tirẹ̀ láti ọdún 2019. Ẹni tó wà nírú ọgbà bẹ́ẹ̀ lè fọkàn balẹ̀ ju ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ ń wo ojú ọlọ́kọ̀ dísẹ̀lì.

Ìṣòro kejì ni ilé. Láti ilé, Z kì í ṣí. Ẹnu ọ̀nà tí irú ìsopọ̀ yìí ń gbà, nọ́ńbà 445, ni kòkòrò WannaCry gbà wọlé káàkiri ayé ní 2017, nítorí náà àwọn ilé-ìwé àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dí i pa mọ́ ará ìta. VPN ilé-ìwé, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń so yín mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà láti ìta, lẹ ó kọ́kọ́ tàn kí Z tó dá yín lóhùn. Bó bá sì dáhùn tán, ẹ má ṣí Word látorí Z tààrà. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ́jú báyìí, Word dì gbagidi, ẹ ò mọ̀ bóyá ìpínrọ̀ tí ẹ kọ kẹ́yìn wọlé tàbí kò wọlé. Ẹ dà á kọ sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣiṣẹ́ lé e, ẹ dá a padà.

Nextcloud

Lọ́pọ̀ ibi, inú ọgbà náà ni òun pẹ̀lú wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló yàtọ̀. Software ọ̀fẹ́ fún ìpamọ́ fáìlì ni, àwọn ará Jámánì ló yọ ọ́ jáde lára ownCloud, software mìíràn bíi tirẹ̀, ní 2016. Ó ń ṣí nínú browser láìsí VPN, ó ní áàpù fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, áàpù náà sì máa ń gé fáìlì ńlá sí wẹ́wẹ́ kó tó gbé e sókè, tó fi jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ibi tó dé ló ti ń tẹ̀ síwájú. Fún àwa tí a wà níhìn-ín, èyí nìkan tó ìdí láti fẹ́ràn rẹ̀.

Pàkúté kan wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ Windows bíi dráìfù láìlo áàpù. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe Windows, fáìlì tó bá ti ju bíi 50MB lọ kò ní gbà á wálẹ̀ lọ́nà yẹn àfi tí ẹnìkan bá wọ inú ètò ẹ̀rọ lọ yí i padà. Ẹ lo áàpù, kí ẹ sì ní àlàáfíà.

Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ kò sí nínú software. Ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń tọ́jú ẹ ní ilé-ìwé wa. Bí ẹni náà bá japa ńkọ́? Ẹ béèrè orúkọ ẹni kejì tó mọ̀ ọ́n lò. Bí wọn ò bá rí orúkọ kejì dá, ẹ má kó ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ ní síbẹ̀.

Nítorí pé orí Linux, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó dà bíi Windows, ni Nextcloud sábà máa ń wà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn tó ń fi Yorùbá sọ fáìlì wọn lórúkọ. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ẹ: lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí e tí a wá fi àmì sí nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ mìíràn, méjì ni. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gba ohùn àwọn àgbà Yorùbá sílẹ̀ ní Sábọ̀n Gàrì bá fóldà "Ọ̀rọ̀" méjì pàdé lẹ́yìn tó kó ẹrù láti Mac sí Linux, ìdajì ohùn wà nínú ọ̀kan, ìdajì nínú èkejì. Mo fẹ́ràn àmì ohùn wa púpọ̀, àmọ́ nínú orúkọ fáìlì, "oro_2023_01" ni mò ń kọ.

Google tí ilé-ìwé fún yín

Ímeèlì ilé-ìwé yín ni ẹ fi ń wọ Drive, ibi ìpamọ́ fáìlì Google. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí Google ń fún ilé-ìwé kò lópin tẹ́lẹ̀. Láti 2022, 100TB ni fún gbogbo ilé-ìwé lápapọ̀ (1TB jẹ́ 1,000GB). Ó dún bí ohun ńlá. Ẹ pín in fún yunifásítì tó ní ènìyàn 20,000: 5GB kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Google kan náà ń fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣí Gmail tirẹ̀ ní 15GB! Òótọ́ ni pé gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń lo ti wọn tán, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè iye tí ICT fi sí orí yín kí ẹ tó di ẹrù.

Ohun tó mú mi tijú jù nínú iṣẹ́ yìí, orí Google ló ti ṣẹlẹ̀. Àǹtí kan tó ń ṣe master's ní kí n bá òun kó gbogbo Drive òun sórí fíláàṣì, nítorí ó ń lọ ṣe ìwádìí ní abúlé kan tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ṣí fóldà Drive lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo dà á kọ, ó kéré, ó yá, inú mi dùn. Ó dé ọ̀hún, ó tẹ fáìlì, kò sí nǹkan kan. Fáìlì tó parí sí .gdoc kì í ṣe ìwé. Àdírẹ́sì ìwé ni, bíi kí ènìyàn kó káàdì ilé ìtajà dání kó sọ pé òun ti ra ọjà. Ìwé gan-an ṣì wà lọ́dọ̀ Google. Ẹ ní láti wọ browser, kí ẹ gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Word tàbí PDF. Nígbà tó padà dé, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi pàdé rẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ Shared with me sí. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa àkáǹtì ẹni tó ni ín rẹ́, yóò bá a lọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ka ni, inú Shared drive ni kí ẹ ṣe é sí. Ilé-ìwé ló ni ti ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè kó o lọ. Ohun tí ẹ bá sì jù sínú pàǹtí Google, ọjọ́ 30 ló ní.

Microsoft OneDrive

OneDrive ni ibi ìpamọ́ fáìlì Microsoft, òun náà ti dín ọwọ́ kù. 1TB ló máa ń fún ènìyàn kan láyé ọjọ́un. Ní báyìí, ilé-ìwé tó ń lo ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ní 100TB lápapọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kọjá 100GB. 100GB kì í ṣe kékeré. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Word gidi ni Word rẹ̀. Ẹ ṣí i nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Lokoja, ẹ kọ ọ́, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé yóò gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Bó bá wà nínú ẹ̀rọ yín ni o. Ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ fáìlì: bó bá jẹ́ àwọ̀sánmà, orúkọ nìkan lẹ ń wò, fáìlì kò sí lọ́dọ̀ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ yan Always keep on this device kí ẹ tó kúrò nílé.

Ó tún máa ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ tó rí ẹ̀wà tútù. Bí ẹ bá gbà á láyè, yóò kó gbogbo Desktop àti Documents yín mọ́ra, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sókè lórí MiFi yín. Ẹ wọ ètò Wi-Fi nínú Windows, ẹ sọ fún un pé Metered ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn. OneDrive yóò dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú ti ilé-ìwé, ọjọ́ 93 ló ní kó tó lọ pátápátá, ìlọ́po mẹ́ta ti Google.

Drive tara ẹni àti háàdì dísìkì

Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí wọn. Drive tara ẹni, èyí tó wà lórí Gmail yín fúnra yín, dára fún CV, fún ìwé-ẹ̀rí, fún ẹ̀dà thesis yín. Bí ẹ bá fi àkáǹtì náà sílẹ̀ fún ọdún méjì láìfọwọ́ kàn án, Google lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí aláìsàn, kí ó má gbé e síbẹ̀ rárá: òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn kún ohun ẹlẹgẹ́, orúkọ ilé-ìwé sì ni aláìsàn náà fi gbà kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, kì í ṣe Gmail yín.

Háàdì dísìkì kì í jẹ dátà, kì í sì í bèèrè NEPA. Ó máa ń já bọ́ ni. Ẹ ra méjì, ẹ má kó méjèèjì sínú báàgì kan.

Gbígbé e débẹ̀

Èmi náà ti fi fífà ṣe é rí. Mo fa fóldà kan tó ní fáìlì tó lé ní 4,000 sínú browser lálẹ́, mo sùn. Ní nǹkan bí aago méjì NEPA mú iná, router kú. Láàárọ̀, díẹ̀ ti wọlé, díẹ̀ kò wọlé, kò sí àkọsílẹ̀ èyí tó jẹ́ èwo. Odindi ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń kà á. Browser dára fún fáìlì mẹ́wàá. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, áàpù ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ lò, tàbí rclone.

Rclone jẹ́ software ọ̀fẹ́ tó ń kó fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Kò rẹwà, ọ̀rọ̀ lẹ ó máa tẹ̀ fún un lójú dúdú, ṣùgbọ́n ó mọ Google, ó mọ OneDrive, ó mọ Nextcloud, ó mọ server Z. Bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, yóò fo èyí tó ti dé. Lẹ́yìn tó bá parí, ẹ ní kó ṣe rclone check, yóò fi ti ibí wé ti ọ̀hún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má pa ohunkóhun rẹ́ níbi àtijọ́ kí check tó parí láìsí àṣìṣe.

Ẹ fi etí sí èyí: bí ẹ bá ń kó láti Google lọ sí OneDrive, inú láptọ́ọ̀pù yín ni yóò gbà kọjá. Yóò wálẹ̀, yóò tún gòkè. 60GB di 120GB dátà. Ọ́fíìsì ni kí ẹ ti ṣe é, lórí wáyà, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò sí.

Ta ni kó mú èwo?

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jáde nínú ọgbà, server Z, bí iná rẹ̀ bá dúró. Kò sí ìdí láti máa gbé lẹ́tà ìpàdé lọ sókè òkun kí ó tó padà wá sí yàrá kejì. Olùkọ́ tó ń gbé Mararaba tó ń lo wákàtí méjì nínú sún-kẹẹrẹ, tó sì ń fi Word ṣe gbogbo nǹkan, OneDrive ni mo máa fún un. Ẹgbẹ́ tó ń kọ ìwé kan pọ̀, tí ọ̀kan wà ní Ìlọrin tí èkejì wà ní Zaria, Google, inú Shared drive. Ẹni tó ní ohùn, fídíò tàbí ọ̀rọ̀ aláìsàn, Nextcloud inú ọgbà, bí ẹni méjì bá wà tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí, Z pẹ̀lú dísìkì tí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tì. Ọmọ ọdún ìkẹyìn, ẹ lo èyíkéyìí tí ilé-ìwé bá fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ti kó tiyín kúrò kí ẹ tó lọ camp NYSC, nítorí wọn kì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó pa àkáǹtì rẹ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí a ṣí 60GB náà wò, 38GB nínú rẹ̀ jẹ́ fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. A kó ìyẹn sórí dísìkì méjì. Ó gbé 22GB tó kù lọ sí ọ́fíìsì ní Sátidé, ó so wáyà, ó fi áàpù OneDrive gbé e. Kí aago kan ọ̀sán tó lù, ó ti pè mí.

"Àbúrò, ó ti wọlé tán. Ìyàwó mi ní dísìkì wo ni fídíò wà?"